Arọ́kin Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Fìdítì, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó so Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Ọ̀yọ́, tó sì ń wá ilé ẹnì kan, kì í wo nọ́ńbà lára ògiri. Ẹnu ló fi ń wá a. Yóò kí àwọn ìyá tó pàtẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, yóò dárúkọ ẹni tó ń wá, wọn yóò sì bi í padà pé: "Ẹ kú àbọ̀ o. Agboolé wo ni?" Orúkọ nìkan kò tó. Àyọ̀ká pọ̀ nílùú, Ògúndélé náà pọ̀. Ìgbà tó bá dárúkọ agboolé ni ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ sójú kan, tí wọn yóò sì pe ọmọdé kan pé kó mú àlejò lọ.

Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Fìdítì wà nínú rẹ̀ pàápàá yẹ fún àfiyèsí. Afijió kì í ṣe orúkọ ẹnì kan, kì í sì ṣe orúkọ odò tàbí òkè. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú inú rẹ̀ ni wọ́n kó jọ: A ti Akínmọ̀rìn àti Awẹ́, F ti Fìdítì, I ti Ìlọrà, J ti Jóbẹ̀lẹ̀ tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tú orúkọ náà palẹ̀ ti mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà.

Àṣà tí ìtàn yìí dá lé lórí nìyẹn: kí ohun ńlá kan máa tọ́jú ìròyìn nípa ara rẹ̀ sínú ara rẹ̀, kí àlejò sì ní ọ̀nà tó tọ́ tí yóò gbà bèèrè. Ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kó tó wọ inú kọ̀ǹpútà ní California ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Lónìí, àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Fìdítì àti Ìlọrà ń gba inú rẹ̀ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó lè mú kí nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ́ rò ó débẹ̀.

Ní ìhà àríwá Fìdítì, lẹ́yìn Ìlọrà, ni Ọ̀yọ́ wà. Láàfin Aláàfin, àwọn Arọ́kin ni onítàn ọba. Inú ìdílé ni iṣẹ́ náà ti ń wá, baba ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, Ológbò sì ni olórí wọn. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe kí wọ́n mọ ohun gbogbo láyé. Ààfin fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ìròyìn rẹ̀: ọba wo ló tẹ̀lé ọba wo, ta ló bí i, ogun wo ló jà, ìlú wo ló ń sìn ín nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba náà ṣe tò kò gbọdọ̀ máa ṣí ilẹ̀kùn yàrá kiri nínú ààfin. Ọ̀dọ̀ Arọ́kin ni yóò gbà lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Àlùfáà Samuel Johnson ṣe nígbà tó jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn ní Ọ̀yọ́, tó ń kó ìtàn Yorùbá jọ. Ọdún 1897 ló parí iṣẹ́ náà. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́ nílùú ọba, ìwé sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ọdún 1921 ni The History of the Yorubas sì tó jáde.

Ìwé kan náà yìí ló jẹ́ ká mọ̀ nípa bàbá kékeré. Ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ kì í dédé rìn wọlé tọ Aláàfin. Ìjòyè kan wà láàfin tó jẹ́ bàbá kékeré fún un. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé, òun náà ló ń mú èsì jáde. Nígbà tí Ìbàdàn di alágbára ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó lo àṣà yìí kan náà fún àwọn ìlú tó wà lábẹ́ tirẹ̀. Kò yẹ kí òǹkàwé gbàgbé bàbá kékeré, nítorí yóò tún bá a pàdé níwájú, nínú èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ C.

Ní ìhà gúúsù, ní Ìbàdàn, orí káàdì ni àṣà náà gbà. Ọdún 1948 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ University College nígbà náà. John Harris, tó ti ṣe iṣẹ́ ilé ìkàwé ní New Zealand, ni olùtọ́jú ìwé àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lára ohun tí ilé ìkàwé náà fi bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ìwé Henry Carr, ọmọ Èkó tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ètò ẹ̀kọ́, tó kú ní 1945. Ìwé náà tó nǹkan bí 18,000, ìjọba ló rà wọ́n. Ní 1950, òfin jáde pé ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Lónìí, Kenneth Dike Library ni wọ́n ń pè é.

Orí ẹnikẹ́ni kò lè gba ìwé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀: orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ohun tí ìwé náà dá lé, àti nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibi tó wà lórí pẹpẹ. Ìlànà Bliss ni Ìbàdàn kọ́kọ́ fi to ìwé rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kó wọ inú ìlànà Library of Congress. Ìyípadà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré rárá. Kò sí lẹ́tà kan tó yí padà nínú ìwé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ yí, káàdì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a yí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti há nọ́ńbà àtijọ́ sórí, tó lọ tààrà sí pẹpẹ láìwo káàdì, ìwé ẹlòmíràn ni yóò bá níbẹ̀.

Káàdì ní ààlà kan, ṣá. Ó yàtọ̀ sí ohun tó ń ròyìn. Ìwé wà lórí pẹpẹ, káàdì wà nínú àpótí, bí a ṣe ń wá ọ̀kan kọ́ ni a ṣe ń wá èkejì. Kò sì sí káàdì kankan tó ń sọ nípa àpótí káàdì.

Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose, California, ló la ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1970 ó tẹ ìwé kan jáde nípa bó ṣe yẹ kí àká dátà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní dátábéèsì, máa rí. Ó ní kí gbogbo ohun tó wà nínú àká wà lórí àtẹ, àtẹ tó ní ìlà àti òpó, kí ẹni tó ń bèèrè sọ ohun tó fẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ kọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé e sí. Lẹ́yìn ọdún márùndínlógún, nígbà tí ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi ti ń fi orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ pe ohun tí kò jọ ọ́, ó tẹ àwọn òfin kan jáde nínú Computerworld ní 1985. Wọ́n ń pè é ní òfin méjìlá Codd, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́tàlá ni, nítorí orí òdo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èyí tó kan ìtàn yìí ni ìkẹrin: ìròyìn nípa àká gbọ́dọ̀ wà lórí àtẹ bíi ti dátà yòókù, kí èdè tí a fi ń bèèrè dátà lè bèèrè ìròyìn náà pẹ̀lú. Arọ́kin gbọ́dọ̀ máa gbé inú ààfin, kó sì máa sọ èdè tí gbogbo ará ààfin ń sọ.

Àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí Codd tó kà á sófin. Ní 1973, ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, Michael Stonebraker àti Eugene Wong bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní INGRES. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wá owó sí ni dátà àwòrán ilẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń ṣèwádìí nípa ìlú ńlá. Nínú INGRES, àtẹ méjì ló ń sọ nípa gbogbo àtẹ tó kù. Orúkọ ọ̀kan ni RELATION, ìlà kan nínú rẹ̀ fún àtẹ kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ATTRIBUTE, ìlà kan nínú rẹ̀ fún òpó kọ̀ọ̀kan. RELATION fúnra rẹ̀ sì ní ìlà tirẹ̀ nínú RELATION. Àpótí káàdì ti wá ní káàdì.

Ní 1986, Stonebraker bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Berkeley, ó pè é ní POSTGRES. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù, ó sì yẹ kéèyàn fara balẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn àká ìgbà yẹn mọ iye owó, wọ́n mọ orúkọ, wọ́n mọ ọjọ́. Bí ẹnì kan bá gbé ààlà oko wá, tàbí ojú odò tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Wọ́n lè kọ́ ètò náà ní irú dátà tuntun kan lónìí, òmíràn ni yóò tún dé lọ́la. Ohun tí àwọn ará Berkeley ṣe ni pé wọn kò kọ́ ọ ní irú dátà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń há ewì sórí. Wọ́n kọ́ ọ láti máa bèèrè. Katalọ́ọ̀gì POSTGRES, ìyẹn àwọn àtẹ tó ń ròyìn àká fúnra rẹ̀, kò dúró lórí àtẹ àti òpó nìkan: irú dátà wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí a lè fi dátà ṣe wà níbẹ̀, àmì ìṣirò náà wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi àmì ìròpọ̀ sáàárín nǹkan méjì, ètò náà yóò kọ́kọ́ lọ sínú katalọ́ọ̀gì láti wo irú ohun tí méjèèjì jẹ́ àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń rò wọ́n pọ̀. Nítorí náà, àlejò lè mú irú dátà tirẹ̀ wá, kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú katalọ́ọ̀gì, láti ọjọ́ náà lọ ètò yóò máa lò ó bí ọmọ bíbí ilé.

Èdè Lisp àti èdè C ni wọ́n jọ fi kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, kó tó di C pátápátá. Wọ́n fi í hàn níbi SIGMOD, ìpàdé àwọn onímọ̀ àká dátà, ní 1988, ẹ̀yà àkọ́kọ́ sì dé ọwọ́ àwọn díẹ̀ lóde Berkeley ní oṣù kẹfà 1989. Ní 1994, akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Andrew Yu àti Jolly Chen, fi SQL, èdè tí a fi ń bèèrè dátà, sí i. Ní 1996 orúkọ rẹ̀ di PostgreSQL, àwọn olùyọ̀ǹda kárí ayé sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yunifásítì.

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn: ta ni yóò kọ orúkọ Arọ́kin àkọ́kọ́ sílẹ̀? Nínú PostgreSQL, àtẹ tó ń ròyìn gbogbo àtẹ ni pg_class. Kò sí àtẹ tó lè wáyé láìjẹ́ pé wọ́n kọ ìlà kan fún un nínú pg_class. Àtẹ sì ni pg_class náà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ ni pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń dá àká tuntun sílẹ̀, àtẹ mẹ́rin ni ètò náà mọ̀ láti inú oyún: pg_type, pg_attribute, pg_proc àti pg_class. Wọ́n ti kọ ìrísí wọn mọ́ inú ètò fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ níbikíbi láyé: 1247, 1249, 1255, 1259. Lẹ́yìn tí mẹ́rin yìí bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn yóò kọ orúkọ ara wọn sínú ara wọn, ìyókù yóò sì tẹ̀ lé wọn. Nọ́ńbà odidi ti gba 23 láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ gba 25. Ohun tí àwọn aṣàmúlò bá dá sílẹ̀ fúnra wọn ń bẹ̀rẹ̀ láti 16384, kò sì sí ẹni tó lè sọ tẹ́lẹ̀ iye tí yóò bọ́ sí.

Àlejò, ìyẹn àfikún tí ẹlòmíràn fi èdè C kọ, ń ṣiṣẹ́ nínú ètò náà gan-an, nínú mẹ́mórì kan náà. Agbára rẹ̀ pọ̀. Ó lè ba gbogbo nǹkan jẹ́. Bó bá fẹ́ mọ orúkọ àtẹ kan tàbí irú ohun tó wà nínú òpó kan, kì í sáré wọ inú fáìlì. Ó ní bàbá kékeré. Syscache ni wọ́n ń pè é: ibi tí èsì tí wọ́n ti bèèrè rí wà nítòsí, kí ó má baà di pé wọ́n ń lọ dé orí díìsìkì nítorí ìbéèrè kan náà nígbà ẹgbẹ̀rún. Àfikún yóò pe SearchSysCache1, yóò sọ irú ìròyìn tó ń wá, RELOID bó bá jẹ́ àtẹ, yóò sì fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Bí ìlà náà bá wà, yóò gbà á, yóò fi GETSTRUCT tú u, yóò kà á. Bó bá ti kà á tán, yóò pe ReleaseSysCache, ìyẹn ni pé ó ti dá a padà. Bí ohun tó kà bá jẹ́ orúkọ tó ṣì fẹ́ lò, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe àdàkọ rẹ̀ kó tó dá ìlà padà. Ẹni tó bá yá, tí kò dá padà, ètò náà yóò kígbe rẹ̀ síta pé ohun kan ń jò.

Bí ó bá jẹ́ orúkọ ni àlejò mọ̀, tí kò mọ nọ́ńbà, ìbéèrè àwọn ìyá ọlọ́pẹ̀-òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ pàdé: agboolé wo? Láti ẹ̀yà 7.3, tó jáde ní 2002, ni PostgreSQL ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní schema, agboolé gan-an ni. Àtẹ méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà bí agboolé wọn bá yàtọ̀. Nítorí náà, get_relname_relid ń gba nǹkan méjì, orúkọ àti nọ́ńbà agboolé, kó tó mú nọ́ńbà àtẹ wá.

Ahoro pàápàá wà nínú katalọ́ọ̀gì. Bí ẹnì kan bá yọ òpó kan kúrò lórí àtẹ, ìlà rẹ̀ kì í kúrò nínú pg_attribute, àtẹ tó ń ròyìn àwọn òpó. Wọn yóò fi àmì tó ń jẹ́ attisdropped sí i pé ó ti kúrò, wọn yóò yí orúkọ rẹ̀ padà, ààyè rẹ̀ yóò sì wà bẹ́ẹ̀, kí nọ́ńbà àwọn òpó tó tẹ̀ lé e má baà sún. Ọ̀pọ̀ àfikún ló ti ṣubú níbí yìí, nítorí ẹni tó kọ ọ́ ka òpó láti ọ̀kan dé ìkẹyìn láìwo attisdropped, ó wá ń bá òkú sọ̀rọ̀ bí alààyè.

Àṣà kí a dá ohun tí a yá padà kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀yà ìgbà àtijọ́, SearchSysCacheTuple ni wọ́n ń pè. Ó ń fi ìlà han olùbéèrè, kò sì sí ẹni tó ń kọ sílẹ̀ pé ìlà náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí àyípadà bá dé sínú katalọ́ọ̀gì láàárín kan, wọ́n lè gbá ìlà náà dànù nígbà tí olùbéèrè ṣì ń kà á. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ le láti mú: ó lè má ṣẹlẹ̀ fún oṣù kan, kó wá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, Tom Lane, ọ̀kan lára àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà, yí gbogbo rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, wọ́n ń ka iye ọwọ́ tó di ìlà kọ̀ọ̀kan mú, bí ilé ìkàwé ṣe ń kọ orúkọ ẹni tó yá ìwé. Ìlà tó bá wà lọ́wọ́ ènìyàn kò ṣeé gbá dànù. Ẹ̀yà 7.1 tó jáde ní oṣù kẹrin 2001 ló gbé àṣà tuntun yìí dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Àwọn tó ní àfikún lọ́wọ́ nígbà náà ní láti jókòó, kí wọ́n tún gbogbo ibi tí wọ́n ti ń bèèrè kọ. Nínú gbogbo àyípadà tó dé bá iṣẹ́ yìí, èyí ni òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ yìí kà sí pàtàkì jù, nítorí pé ó sọ ìwà ọmọlúàbí di òfin tí ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò.

Ti ọdún 2010 kéré ju ìyẹn lọ, ó kàn jẹ́ ìtura. Ṣáájú, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin tí a fi ń wá ìlà, kódà bí ọ̀kan ṣoṣo ni a nílò. Òdo ni wọ́n fi ń dí àyè tó kù. Robert Haas, òun náà ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣe SearchSysCache1, 2, 3 àti 4, kí olùbéèrè lè sọ iye tó mú wá. Ó wọ ẹ̀yà 9.0.

Haas kan náà ló tún wo àléébù tó jinlẹ̀ jù sàn ní 2013. Nígbà náà, ẹni tó ń ka katalọ́ọ̀gì ń wò ó bó ṣe ń yí lọ́wọ́. Bí ẹlòmíràn bá ń tún ìlà kan kọ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, òǹkàwé lè kọjá ibi tuntun kí wọ́n tó kọ ọ́, kó sì dé ibi àtijọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á rẹ́. Yóò ní àtẹ náà kò sí rárá, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Ó sì tún lè rí ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì. Láti ẹ̀yà 9.4 tó jáde ní oṣù kejìlá 2014, katalọ́ọ̀gì ti ń gba ìlànà tí dátà yòókù ti ń gbà tipẹ́: òǹkàwé yóò rí bí nǹkan ṣe rí ní àkókò kan pàtó, yálà kí àyípadà tó dé tàbí lẹ́yìn tó dé.

Báwo ni bàbá kékeré ṣe ń mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun ti di ti àná? Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ nínú PostgreSQL ló ní syscache tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá yí katalọ́ọ̀gì padà, yóò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ibi àpapọ̀ kan, ọ̀rọ̀ akígbe tó ń lu agogo láàárín ìlú: ìlà báyìí ti yí o, ẹni tó bá ní ti àtijọ́ lọ́wọ́, kó dà á nù. Àwọn yòókù yóò gbọ́ ọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan àtẹ mìíràn. Ibi tí agbára àlejò pin sí ni pé kò lè yan bàbá kékeré tuntun fún àtẹ tirẹ̀. Iye syscache ti wà nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́. Ìyókù, yóò fi systable_beginscan wá a lórí àtẹ fúnra rẹ̀, tàbí kó gba SPI, níbi tí yóò ti fi SQL bèèrè bí ará ìta. Èyí kò yára tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ bí ẹ̀yà tuntun bá dé sábà máa ń yàn án.

Títí di 2011, katalọ́ọ̀gì mọ gbogbo ohun tí àfikún mú wá, kò mọ àfikún fúnra rẹ̀. Bí àlejò bá kó ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ wọlé, a kọ ọgọ́rùn-ún orúkọ, kò sí ibi tí a kọ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni gbogbo wọn ti wá. Dimitri Fontaine ló ṣe iṣẹ́ tó yọrí sí àṣẹ CREATE EXTENSION nínú ẹ̀yà 9.1, àtẹ pg_extension sì dara pọ̀ mọ́ katalọ́ọ̀gì. Àlejò ti wá ní orúkọ ìdílé.

Ọ̀nà yìí ló gba ọ̀rọ̀ padà sí Fìdítì. Ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, inú ìwé rẹ́jísítà ńlá ni wọ́n ń kọ ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, àti aboyún tó wá fún àyẹ̀wò, àti ẹni tí ibà ń ṣe. Ní ìparí oṣù, wọ́n á ṣírò gbogbo rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù á dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti wọ DHIS2, ètò tí Nàìjíríà ń lò fún àkọsílẹ̀ ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè. Gúúsù Áfíríkà ni gbòǹgbò DHIS2 ti jáde, lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá wọlé ní 1994. Yunifásítì Oslo ní Norway ló ń ṣètò rẹ̀ báyìí. Orí PostgreSQL ló ń gbé dátà rẹ̀ sí.

Ilé ìwòsàn ní ibi tó wà lórí ilẹ̀, DHIS2 sì fẹ́ fi í hàn lórí máàpù. Nítorí èyí ló ṣe ń lo PostGIS, àfikún tí Refractions Research ní Victoria, Canada, gbé jáde ní 2001. Èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́. Irú dátà tó mú wá ni geometry: àmì kan lórí ilẹ̀, ojú ọ̀nà, tàbí ààlà. Ohun tí owó INGRES ìgbà yẹn wà fún, àwòrán ilẹ̀, ti padà dé nípasẹ̀ àlejò.

PostGIS kò lè há nọ́ńbà geometry sórí. Lórí kọ̀ǹpútà kan ó lè jẹ́ 16400 àti díẹ̀, lórí òmíràn ó lè ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n fi í sínú àká bá ṣe rí. Kò sì lè dá agboolé tirẹ̀ mọ̀ láìbèèrè, nítorí ẹni tó ń fi í sí àká lè fi í sí èyí tó bá wù ú. Nítorí náà, nígbà tó bá fẹ́ mọ irú dátà tirẹ̀ gan-an, a máa kọ́kọ́ bi katalọ́ọ̀gì pé: agboolé wo ni wọ́n fi mí wọ̀ sí? Bí èsì bá dé, yóò tún bèèrè: nínú agboolé yìí, kí ni nọ́ńbà ẹni tó ń jẹ́ geometry? Nọ́ńbà yóò jáde, yóò tọ́jú rẹ̀ sí ìtòsí kó má baà tún bèèrè, àmì kékeré kan yóò sì yọ lórí máàpù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́.